Orin Òru, Ijó Òru, àti Etí Tí Kò Ní Ìpààrọ̀

Ìwé tí mo fẹ́ dáhùn ní ọ̀sẹ̀ yìí wá láti ọwọ́ ìyá kan ní Ṣómólú. Ó ní àkọ́bí òun ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 23, iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni ó sì ń ṣe. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, ọmọ náà yóò wẹ̀, yóò wọ bàtà funfun, yóò sì jáde lọ sí òde orin. Ó di ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Kì í mu ọtí lámujù, kì í jà, kò sì sí ẹni tí ó wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn rí. Orin ṣáá ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí a bá pè é láti yàrá kejì kì í dáhùn mọ́, bí a bá sì ń bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ènìyàn gbé pọ̀, "Ẹ ní kí ni?" ni ó máa ń wí. Ní òru, nígbà tí gbogbo ilé bá pa rọ́rọ́, ó ní ohun kan ń hó yee nínú etí òun bí ìgbà tí ìrẹ̀ bá ń ké.

Àwọn ará ilé ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé àdúrà, nítorí pé ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó lóru, àwọn kan ni ó ń pè é. Ẹlòmíràn ti yọ́ àdín, ó fẹ́ ro ó sí i létí. Ni ìyá náà bá kọ̀wé sí mi pé: "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Ṣé kí n má jẹ́ kí ó jáde nílé mọ́ ni?"

Ìyá wa, ẹ káre tí ẹ fi béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àdín yẹn kúrò nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń pe ọmọ yín láti ibì kankan. Ohun tí ẹ kọ yìí jọ iṣẹ́ ọwọ́ ariwo, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin àti òun jókòó jọ ka ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé irú ẹjọ́ yìí ń pọ̀ sí i ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àgàgà ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí àríyá oṣù kejìlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo fẹ́ sọ pé kí àwọn ọ̀dọ́ máa sùn ní agogo mẹ́jọ, ó ṣì mí mọ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀tá orin. Télọ̀ ni bàbá mi ní Èbúté Mẹ́ta, kò sì lè dárúkọ Kakadu tí ó wà ní Yábàá láyé ọjọ́un kí ó má rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ni ó sọ fún wa nípa Caban Bamboo ti Bobby Benson ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, àti nípa Stadium Hotel ti Victor Ọláìyá ní Sùúrùlérè, níbi tí fèrè Ọláìyá ti ń mú kí àwọn àgbàlagbà gbàgbé pé ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Nígbà tí èmi náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, àwa ẹlẹgbẹ́ máa ń da owó jọ wọ ọkọ̀ lọ sí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà, èyí tí àwọn ọmọ Fẹlá ṣí ní ọdún 2000. A máa ń jó títí ẹsẹ̀ yóò fi wú.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní tiwọn. Àwọn kan ń tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ olórin kéékèèké tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ àwo orin ńlá kankan, tí wọ́n ń fi owó ara wọn gba sítúdíò, tí wọ́n ń ṣe orin bí ó ti wù wọ́n. Alté ni wọ́n ń pe irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní Èkó, wọ́n gé e láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà alternative. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan wà tí wọ́n ń jẹ́ The Cavemen., tí wọ́n gbé orin háíláìfù àtijọ́ padà wá fún àwọn ọmọdé. Àwo wọn tí ó ń jẹ́ Roots jáde ní ọdún 2020. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé bàbá mi ìbá jó sí i.

Àwọn mìíràn, tí ó jọ pé ọmọ Ṣómólú yìí wà lára wọn, ti DJ ni tiwọn. DJ yóò mú orin tí ẹlòmíràn ti kọ, yóò fi ẹ̀rọ gé e, yóò tún un lẹ̀, yóò sì gbé ìlù mìíràn sí i nídìí: èyí ni wọ́n ń pè ní rímíìsì. Ní àdúgbò bí Agége àti Muṣin àti Ìkòròdú, cruise ni orúkọ ìlù náà, mara ni orúkọ ijó rẹ̀, ó sì yára tó bẹ́ẹ̀ tí èmi tí mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kì í lè wò ó pẹ́. Ní apá Lẹ́kí àti Victoria Island, amapiánò tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá àti irú àwọn orin ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Afro-house ni wọ́n ń fi mọ́jú. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ọ̀dọ́ tí kò jó, nígbà wo ni yóò jó?

Ṣùgbọ́n ohun méjì ti yí padà láti ayé bàbá mi, a sì ní láti fojú sí wọn. Ìkíní ni agbára ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àpótí tí wọ́n ń gbé orin gbà láyé ìgbà náà kò ju èyí tí ènìyàn méjì lè gbé. Lónìí, wọ́n a to àpótí sípíkà lérí ara wọn bí ẹni ń to àpò sìmẹ́ńtì, tí àyà ènìyàn yóò máa gbọ̀n kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìkejì ni pé àwọn ẹgbẹ́ olórin máa ń sinmi. Bí wọ́n bá ti ṣe orin mélòó kan, onífèrè yóò nu ẹnu, onígìtá yóò mu omi, àwọn oníjó yóò lọ jókòó, etí gbogbo ènìyàn yóò sì mí. DJ kì í sinmi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni pé kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tí orin kan parí sí àti ibi tí òmíràn gbé bẹ̀rẹ̀. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ títí di agogo márùn-ún ìdájí, etí kò rí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú etí. Etí tí a ń fi yẹtí sí yìí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Ohùn yóò gba ihò rẹ̀ wọlé, yóò lu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó dàbí awọ ìlù, awọ náà yóò sì mi àwọn egungun kéékèèké mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni ohun kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, omi ni ó kún inú rẹ̀. Nínú omi yìí ni àwọn irun wẹ́wẹ́ tí a fi ń gbọ́ràn gbé wà. Ojú lásán kò lè rí wọn. Nǹkan bí 15,000 péré ni Ọlọ́run fi sínú etí kọ̀ọ̀kan, iye tí a bí ènìyàn mọ́ náà nìyẹn títí ọjọ́ ikú. Bí ohùn bá ń bọ̀, omi náà yóò máa rú, àwọn irun náà yóò máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ewéko nínú afẹ́fẹ́, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ohùn náà bá le jù, tí ó sì pẹ́ jù, wọn yóò dùbúlẹ̀ bí koríko pápá tí ènìyàn púpọ̀ ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sinmi, àwọn kan yóò tún dìde. Àwọn tí ó bá kú kò ní hù mọ́. Ara ẹyẹ lè hu irun etí tuntun, ara ènìyàn kò lè hù ú, kò sì tíì sí oògùn tí ó lè ṣe é fún wa.

Ohun tí a fi ń wọn ariwo ni dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì. Kò rí bí kóńgò tí a fi ń wọn gàrí, nítorí pé bí ó bá fi 3 péré lé sí i, agbára ohùn náà ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń sọ ní pẹ̀lẹ́ jẹ́ nǹkan bí 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí lè gba 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí ewu má sí. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 ni ìpín rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 20 péré. Ilé ijó òde òní kò sì ṣòro láti dé 100, òmíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: ọ̀dọ́ tí ó dúró fún wákàtí 5 nínú ariwo 100 ti jẹ ìpín ọ̀sẹ̀ 15 ní alẹ́ ọjọ́ kan. Bí ó bá tún lọ lọ́jọ́ kejì, gbèsè ni ó ń jẹ. Àjọ yìí kan náà sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní bílíọ̀nù kan, láti ẹni ọdún 12 dé 35, ni etí wọn wà nínú ewu nítorí orin àti eré tí wọ́n ń gbọ́ ní ọ̀nà tí kò tọ́.

Ènìyàn yóò wí pé, "Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, bí mo bá ti òde dé, etí mi a máa hó, tí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti lọ." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Híhó yẹn ni igbe àwọn irun tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Kujawa àti Liberman, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó kó wa láyà jẹ. Wọ́n fi ariwo sí etí àwọn eku títí ìgbọ́ràn wọn fi rẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ìgbọ́ràn náà padà wá bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo inú etí wọn, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ibi tí iṣan ti so mọ́ àwọn irun náà ti já, wọn kò sì so padà mọ́. Eku kì í ṣe ènìyàn lóòótọ́. Síbẹ̀ èmi kò tún fọwọ́ sọ̀yà mọ́ fún ẹnikẹ́ni pé etí tí ó hó tí ó sì dákẹ́ ti bọ̀ sípò pátápátá.

Àwọn tí ó ń lọ jó kọ́ ni mo tilẹ̀ ń káàánú jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Ẹni ọdún 26 ni, iṣẹ́ gbígbé ọtí fún oníbàárà ni ó ń ṣe ní ilé ijó kan, alẹ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Orí fífọ́ ni ó gbé wá bá mi. Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé ẹnu mi ni ó ń wò, kò wo ojú mi. Mo yí padà bí ẹni ń mú ìwé, mo sì bi í léèrè orúkọ àdúgbò rẹ̀. Kò dáhùn. Nígbà tí a jọ jókòó tí mo rọra bi í, ó bú sẹ́kún. Ó ní àwọn oníbàárà ń pe òun ní onígbèéraga, ọkọ àfẹ́sọ́nà òun sì ní òun kì í fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá sọ ohun kan tí n kò gbàgbé: ó ní bí ẹni pé ìlù dùndún ni gbogbo ènìyàn ń fi bá òun sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ òkè ohùn, ó ń gbọ́ ìsàlẹ̀ ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gan-an kò yé e.

Bí ó ti máa ń rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohùn tín-ín-rín ni ariwo kọ́kọ́ ń pa. Ohùn "s" àti "f" àti "ṣ" yóò sá lọ, tí ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín "sá" àti "fá" àti "ṣá" mọ́, ohùn ìró ọ̀rọ̀ yóò sì kù. Nítorí náà ni aláìsàn fi máa ń jiyàn pé, "Mo ń gbọ́ràn, àwọn ènìyàn ni kò sọ̀rọ̀ tí ó já gaara." Mo fi ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí àwọn oníṣègùn etí ní ọsibítù ńlá. Wọ́n dán etí rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìlà tí ó wà lórí ìwé àyẹ̀wò náà sì já sí kòtò ní ibi tí wọ́n kọ 4,000 sí, èyí tí í ṣe àmì ariwo. Ẹni ọdún 26! Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó ra ohun ìdítí fún àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀gá náà ní bí kò bá lè gba ariwo kí ó lọ ta búrẹ́dì. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ń gbé sípíkà, DJ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ni ó wà nínú ewu yìí ju oníjó lọ, nítorí pé oníjó yóò padà sílé.

Àwọn olórin ńlá ní ìlú òyìnbó ti mọ èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi etí ara wọn kọ́ ọ. Pete Townshend, onígìtá ẹgbẹ́ The Who, ti sọ ọ́ ní gbangba láti ọjọ́ pípẹ́ pé ariwo ti ba etí òun jẹ́. Chris Martin ti ẹgbẹ́ Coldplay pẹ̀lú ti sọ nípa etí rẹ̀ tí ń hó. Ẹgbẹ́ kan tún wà láti Dublin ní ilẹ̀ Ireland, My Bloody Valentine ni orúkọ wọn, tí gbogbo àwọn tí ń tẹ̀lé irú orin bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ariwo gìtá wọn kò ní ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n tún padà sórí ìtàgé ní ọdún 2008, ohun ìdítí ni wọ́n ń pín fún àwọn èrò tí ó wá wò wọ́n. Wọn kò dín ariwo kù o, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n bọ̀wọ̀ fún etí àlejò wọn.

Ǹjẹ́ kí ni kí ọmọ Ṣómólú ṣe? Kí ó ra ohun ìdítí. Oríṣi kan wà tí ó rọ̀ bí fóòmù, kò wọ́n, a sì lè rí i ní ibi tí wọ́n ti ń ta àṣíborí àti bàtà fún àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í sí ẹnu ihò etí lásán, wọ́n á wá sọ pé kò ṣiṣẹ́. Bí a ti ń fi í sí nìyí: fọ ọwọ́ rẹ, fi ìka yí i títí yóò fi di tín-ín-rín, gba ẹ̀yìn orí na ọwọ́ kejì, fa etí sókè àti sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè gún, tì í wọlé, kí o sì fi ìka dì í mú níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 títí yóò fi wú. Bí ohùn ara rẹ bá ti dàbí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú àmù, ó ti wọlé. Bí a bá fi í sí dáadáa, ó lè mú 100 wálẹ̀ sí 80. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí adùn orin náà wà síbẹ̀, oríṣi mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún àwọn olórin, tí ń dín ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kù lọ́gbọọgba. Ó wọ́n díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó bàtà funfun. Òwú tí ẹlòmíràn ń kì bọ etí kò já mọ́ nǹkan kan. Kí àwọn ọ̀rẹ́ má sì máa fi tiwọn ya ara wọn, nítorí kòkòrò àrùn.

Kí ó má dúró níwájú sípíkà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó dùn jù. Ní ìta gbangba, bí ènìyàn bá lọ sí ibi tí ó jìnnà tó ìlọ́po méjì sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ariwo yóò dín ní nǹkan bí 6; nínú yàrá kò ní dín tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ògiri ń dá ohùn padà, síbẹ̀ yóò dín. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ó jáde sí ìta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó mu omi, kí ó gba afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè fi èyí mọ̀ ọ́n: bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó jìnnà sí ọ bí ọwọ́ kan tó gbọ́ ọ, ariwo náà ti tó láti ṣe etí ní jàǹbá. Fóònù tí ó wà lápò pàápàá lè wọn ariwo, bí a bá gba irú ètò bẹ́ẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, kí ó fún etí ní ìsinmi. Ohun tí mò ń rí ni pé wọn a ti òde dé ní ìdájí, wọn a ki íápíìsì bọ etí nínú ọkọ̀ dánfó, wọn a sì tún gbé rímíìsì kan náà sí i, kí ariwo mọ́tò má bàa borí rẹ̀. Ìyà kejì lórí ìkíní nìyẹn.

Nípa oògùn, mo ní láti sọ èyí kí ó yé yín. Kwiníìnì lè mú kí etí hó. Abẹ́rẹ́ jẹntamaisíìnì lè pa etí pátápátá, bí a bá fi í jura. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ń hó tẹ́lẹ̀, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí wọ́n tó fún un ní oògùn, kí ó má sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kẹ́míìsì tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Òróró, àdín, omi àlùbọ́sà, kẹrosíìnì, ìyẹ́ adìyẹ, ẹ má fi èyíkéyìí sínú etí tí kò gbọ́ràn.

N kò ní pẹ́ lórí ọtí àti àwọn ohun mìíràn tí ń bẹ ní òde alẹ́, nítorí pé a ti sọ̀rọ̀ lé wọn lórí nínú ìwé ìròyìn yìí. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ oníkodéénì wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá a ṣì ń rí i, tramadol náà sì ń bẹ ní ìgboro. Àwọn méjèèjì ń dín èémí kù, bí ọtí bá sì pàdé wọn, ènìyàn lè sùn kí ó má jí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣubú tí kò dáhùn, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má fi sílẹ̀ kí ó "sùn ún tán". Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa dí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹni tí ó bá ti jó mọ́jú kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ gba orí Third Mainland Bridge. Oorun kò mọ afárá.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ó ni ilé ijó àti àwọn tí ń ṣètò àgbo orin. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún irú ibi yín. Wọ́n ní kí ìpíndọ́gba ariwo láàárín ìṣẹ́jú 15 má kọjá 100, kí ẹnì kan máa fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, kí ohun ìdítí wà fún àwọn èrò, kí ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan sì wà tí ènìyàn lè ti sinmi etí. Ní ilẹ̀ Switzerland, òfin ni pé ibi tí ariwo bá ti kọjá 93 gbọ́dọ̀ fún àwọn èrò ní ohun ìdítí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, iléeṣẹ́ LASEPA máa ń ti ilé ijó àti ilé ìjọsìn pa bí ariwo wọn bá ń dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ oorun, mo sì dúpẹ́ fún èyí, nítorí pé àwọn aláìsàn wa ń gbé nítòsí irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó wà ní ìta ni à ń sọ. Ọmọbìnrin tí ń gbé ọtí nínú ilé ńkọ́? Páálí ohun ìdítí kan kò tó owó ìgò ọtí òyìnbó kan tí ẹ ń tà fún àwọn olówó.

Ìyá wa, ní ti ọmọ yín, ẹ mú un wá sí dìsípẹ́ńsárì tí ó súnmọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí nọ́ọ̀sì fi iná wo inú etí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí etí ni ó dí i, tàbí kí etí náà máa ṣọyún, èyí tí a lè tọ́jú. Bí inú etí náà bá mọ́ tí kò sì gbọ́ràn dáadáa síbẹ̀, ẹ béèrè ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn etí. Wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní UCH ní Ìbàdàn. Kí ó sinmi òde orin títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Fún híhó tí kò jẹ́ kí ó sùn, ẹ má jẹ́ kí yàrá rẹ̀ dákẹ́ jù: fáànù tí ń yí, tàbí rédíò tí a yí wálẹ̀ gan-an, a máa mú kí etí gbàgbé híhó náà díẹ̀díẹ̀. Kò sí oògùn tí ń mú un lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lé e lórí. Ẹ má sì lù ú, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni ọdún 23 tí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ yóò gba ojú fèrèsé jáde, kò sì ní rántí mú ohun ìdítí dání.

Ohun kan kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí etí kan bá kàn ṣàdédé di lójijì, bóyá ènìyàn sùn tí ó jí tí etí ọ̀tún tàbí ti òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kí ó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà fún irú èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti wúlò jù. Ẹni tí ó bá fi oṣù kan ro àdín sí i, nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó máa ń pẹ́ jù.

Ẹni tí ó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta nípa ẹsẹ̀ wíwú nínú oyún, mo ti rí ìwé yín. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí ọjọ́ Ajé tó kọjá. Àlàyé yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.